Oúnjẹ Baálẹ̀ Tí Nehemáyà Kò Jẹ

Bíbélì kíkà: Nehemáyà 5:1–19, 1 Sámúẹ́lì 30:21–25, 2 Sámúẹ́lì 11:1–13

  

Ọ̀rọ̀ owó oṣù ni mo fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí. Ẹnìkan lè bi mí pé, ṣé owó oṣù náà tún di ìwàásù? Bẹ́ẹ̀ ni o, nítorí Bíbélì kò fi ọ̀rọ̀ owó iṣẹ́ ṣeré rárá. Nínú Léfítíkù 19:13, Ọlọ́run kọ̀ fún wa pé kí owó alágbàṣe sun ọwọ́ wa mọ́jú. Nínú Deutarónómì 24:14 àti 15, ó ní kí á san án lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí pé owó yẹn ni tálákà náà gbójú lé. Àpọ́sítélì Jákọ́bù sì sọ nínú orí 5 ìwé rẹ̀ pé owó tí a fi ọgbọ́n dá dúró lọ́wọ́ wa ní ẹnu, ó ń ké, igbe rẹ̀ sì ń dé ọ̀run. Àwọn bàbá wa náà mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.

Ohun tí ó mú mi ronú kan ọ̀rọ̀ yìí ni ohun tí ń ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà láti ìgbà dé ìgbà, nígbà tí ìjọba ibẹ̀ bá kógbá wọlé. Ẹ má ṣe sọ pé kí ló kàn wá ní Peckham níbí. Ilé mélòó ni ó wà nínú ìjọ wa tí kò ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ní Houston tàbí ní Maryland? Àwọn ọmọ wa tí wọ́n wọ aṣọ ológun ilẹ̀ náà kò sì kéré. Láti 2009 títí di 2016, ètò kan wà ní Amẹ́ríkà tí ó gba àwọn àjèjì kan láàyè láti wọ iṣẹ́ ológun, bí wọ́n bá gbọ́ èdè tí ìjọba ń wá. Yorùbá wà lára àwọn èdè náà. Nítorí náà, bí a bá gbọ́ pé owó oṣù ọmọ ogun Amẹ́ríkà lè má wọlé, ọmọ ẹnìkan tí ń jẹ́ Ayọ̀délé tàbí Fúnmiláyọ̀ lè wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí ó ti ń ṣẹlẹ̀. Ọdún ìnáwó ìjọba Amẹ́ríkà máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù October. Òfin ìpìlẹ̀ ilẹ̀ náà sọ pé kọ́bọ̀ kan kò gbọdọ̀ jáde nínú ìṣúra ìjọba àfi bí àwọn aṣòfin bá fi òfin yọ̀ǹda rẹ̀. Bí ọjọ́ náà bá pé, tí àwọn aṣòfin àti Ààrẹ kò tíì fẹnu kò, ìṣúra di títì. Òfin kan tí gbòǹgbò rẹ̀ ti wà láti 1884 ló ka irú ìnáwó bẹ́ẹ̀ léèwọ̀. Síbẹ̀, títí di 1980, àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba a máa bá iṣẹ́ lọ, wọn a máa retí pé àwọn àgbà yóò parí ìjà wọn láìpẹ́. Ní 1980 ni Benjamin Civiletti, agbẹjọ́rò àgbà ìjọba nígbà náà, túmọ̀ òfin náà pé kí wọ́n ti ilẹ̀kùn ní ti gidi. Láti ìgbà náà wá, àwọn òṣìṣẹ́ kan á lọ jókòó sílé láìgbowó, àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ mọ́ ẹ̀mí àti dúkìá á sì máa ṣiṣẹ́ lọ láìgbowó.

Ọmọ ogun wà lára àwọn tí kò lè jókòó sílé. Bí akọ̀wé bá bínú, ó lè kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ọmọ ogun tí ó bá kúrò ní ibùdó rẹ̀ láìgbàṣẹ, ẹ̀wọ̀n lè dúró dè é. Ó ti búra. Òun kọ́ ni ó ti ilẹ̀kùn ìṣúra, kò sì ní kọ́kọ́rọ́ tí yóò fi ṣí i.

Ní October 2013, ìjọba Amẹ́ríkà ti ilẹ̀kùn fún ọjọ́ 16. Kí ó tó ṣẹlẹ̀, Ààrẹ Obama ti buwọ́ lu òfin kan kí owó oṣù àwọn ọmọ ogun má baà dúró. Èyí dára. Ṣùgbọ́n ìjọba ní òfin náà kò kan owó 100,000 dọ́là tí wọ́n máa ń fún ìdílé ọmọ ogun tí ó bá kú lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn ọmọ ogun kú ní Afghanistan láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn. Ìdílé wọn lọ pàdé pósí ọmọ wọn, owó ìrànwọ́ kò sì sí. Àjọ aláàánú kan, Fisher House, ló dìde pé òun yóò san án, kí àwọn aṣòfin tó sáré ṣe òfin mìíràn.

Láti December 22, 2018 títí di January 25, 2019, ó tún ṣẹlẹ̀ fún ọjọ́ 35. Lọ́tẹ̀ yìí, owó ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ológun ti wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n ti àwọn ẹ̀ṣọ́ etíkun kò sí, nítorí pé abẹ́ ilé iṣẹ́ ìjọba mìíràn ni wọ́n wà. Nígbà tí January 15, 2019 pé, àwọn ẹ̀ṣọ́ etíkun tí ó ju 40,000 lọ wo àkáǹtì wọn ní báǹkì, owó kò wọlé. Ọ̀gá wọn, Admiral Karl Schultz, sọ pé irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí nínú ìtàn ilẹ̀ náà, pé kí ọmọ ogun má gba owó nítorí pé àwọn aṣòfin kò fẹnu kò. Àwọn tí ń yọ ènìyàn nínú omi dìde lọ tò sí ibi tí wọ́n ti ń pín oúnjẹ ọ̀fẹ́.

Ní 2025, láti October 1 títí di November 12, ó di ọjọ́ 43. Àwọn ọmọ ogun tó tó mílíọ̀nù 1.3 ni ọ̀rọ̀ kàn. Nígbà tí owó ọjọ́ 15 oṣù October súnmọ́lé, ìjọba Ààrẹ Trump kó owó tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ìwádìí ohun ìjà, wọ́n fi san án. Ẹnìkan tí ìjọba kò dárúkọ tún fi 130 mílíọ̀nù dọ́là tọrẹ fún owó oṣù àwọn ọmọ ogun. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó bá ṣàánú, ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: owó tí ènìyàn ti ṣiṣẹ́ fún ti di ohun tí à ń fi sàráà fún un! Àwọn tí ń darí ọkọ̀ òfuurufú kò rí ẹni ta wọ́n lọ́rẹ. Wọ́n ṣiṣẹ́ láìgbowó títí ìjà fi parí.

Ó kù ẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Ní gbogbo ọjọ́ wọ̀nyẹn, owó àwọn aṣòfin fúnra wọn kò dúró. Láti 2009, 174,000 dọ́là ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn ń gbà lọ́dún, iye náà ni wọ́n sì ń gbà nígbà ìtìlẹ̀kùn 2025. Owó tiwọn kò sí nínú ètò ìsúná ọdọọdún tí wọ́n ń jà lé lórí. Òfin ti yà á sọ́tọ̀ títí lọ. Ẹni tí ó ti ilẹ̀kùn ń jẹun, ẹni tí ó dúró ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ni ebi ń pa. Ohun tí àwọn bàbá wa ń wí nìyí: òṣìṣẹ́ wà lóòrùn, ẹni tí yóò jẹ ẹ́ wà níbòji.

Nítorí èyí ni àwọn kan nínú àwọn aṣòfin ọ̀hún ṣe ń mú àbá wá pé kí a so owó méjèèjì pọ̀: bí owó ọmọ ogun bá dúró, kí ti aṣòfin náà dúró, kí wọ́n sì jọ gbà á lọ́jọ́ kan náà. Àwọn mìíràn kò dúró de òfin. Wọ́n kọ̀wé pé kí wọ́n bá àwọn di owó wọn mú títí ilẹ̀kùn yóò fi ṣí, tàbí kí wọ́n fi tọrẹ. Ọjọ́ ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà nílẹ̀. Ní 1789 ni wọ́n ti dábàá àtúnṣe òfin ìpìlẹ̀ kan, pé bí àwọn aṣòfin bá yí owó ara wọn padà, kò gbọdọ̀ fìdí múlẹ̀ àfi lẹ́yìn ìdìbò tí ó bá tẹ̀lé e. Ọdún 1992 ni àtúnṣe náà tó di òfin! Nítorí rẹ̀, àwọn kan ní a kò lè fọwọ́ kan owó aṣòfin láàárín sáà rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ó dí wọn lọ́wọ́ láti ṣe òfin lónìí tí yóò bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ìdìbò tí ń bọ̀.

Ẹ jẹ́ kí á ṣí Bíbélì wa wàyí sí ìwé Nehemáyà.

Nehemáyà ti jẹ́ agbọ́tí ọba Páṣíà kí ó tó di baálẹ̀ Júdà. Nígbà tí ó dé Jerúsálẹ́mù, iṣẹ́ méjì pọ̀ mọ́ra níbẹ̀: wọ́n ń mọ odi, wọ́n sì ń ṣọ́ odi. Orí 4 sọ fún wa pé bí àwọn kan ti ń kọ́lé, àwọn kan di ọ̀kọ̀ mú, kódà àwọn tí ń ru ẹrù fi ọwọ́ kan ṣiṣẹ́, wọ́n fi ọwọ́ kejì di ohun ìjà mú. Ọmọ ogun ni wọ́n, òṣìṣẹ́ sì ni wọ́n. Orí 5 wá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú igbe. Igbe ọ̀tá kọ́. Igbe àwọn ará ilé ni, àwọn ọkùnrin àti ìyàwó wọn. Wọ́n ti fi oko dógò nítorí oúnjẹ. Wọ́n ti yá owó láti san owó orí ọba. Àwọn ọmọ wọn ti di ìwọ̀fà. Lọ́wọ́ ta ni? Lọ́wọ́ àwọn ọlọ́lá ìlú, àwọn ìjòyè, àwọn arákùnrin wọn.

Ẹ̀yin ará, ọ̀tá kò tíì gun odi, ilé ti ń wó láti inú. Bí ebi bá ń pa ẹni tí ń ṣọ́ odi, tí ìjòyè sì ń jẹ àjẹyó, ìlú náà kò ní odi.

Kí ni Nehemáyà ṣe? Ó bá àwọn ọlọ́lá wí ní gbangba, ó ní kí wọ́n dá oko, ọgbà àti ilé padà. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí wà ní ẹsẹ 14 sí 18. Fún ọdún 12 gbáko tí ó fi jẹ́ baálẹ̀, òun àti àwọn arákùnrin rẹ̀ kò jẹ oúnjẹ tí ó tọ́ sí baálẹ̀. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni o! Àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀ jẹ ẹ́, wọ́n tún gba ogójì ṣékélì fàdákà lé e, àwọn ìránṣẹ́ wọn sì ń pàṣẹ lórí àwọn ènìyàn. Nehemáyà bọ́ àádọ́jọ ènìyàn lórí tábìlì rẹ̀ lójoojúmọ́, síbẹ̀ kò béèrè oúnjẹ baálẹ̀. Ó sọ ìdí méjì. Èkíní, ó bẹ̀rù Ọlọ́run. Èkejì, ó rí i pé ẹrù náà ti wúwo lórí àwọn ènìyàn. Òun àti àwọn ìránṣẹ́ rẹ̀ sì wà lẹ́nu iṣẹ́ odi náà bí gbogbo ènìyàn.

Kò sí òfin tí ó mú Nehemáyà ní dandan. Ọba kò pàṣẹ fún un. Ó wo ọ̀nà, ó wo àwo rẹ̀, ó wo àwo ẹni tí ó di ọ̀kọ̀ mú, ó sì ti tirẹ̀ sẹ́yìn.

Ẹnìkan lè wí pé ẹni bíi Nehemáyà ṣọ̀wọ́n, kí ni a ó ṣe níbi tí ọkàn bá le? Bíbélì dáhùn ìyẹn náà. Ẹ wo 1 Sámúẹ́lì 30. Dáfídì lépa àwọn Ámálékì pẹ̀lú irinwó ọkùnrin. Igba mìíràn ti rẹ̀, wọn kò lè sọdá odò Bésórì, wọ́n sì dúró ti ẹrù. Nígbà tí ìkógun dé, àwọn kan nínú àwọn tí ó lọ ní kí wọ́n má fún àwọn tí ó dúró ní nǹkan kan. Dáfídì kọ̀. Ó ní ìpín kan náà ni gbogbo wọn yóò gbà. Ẹsẹ 25 sì sọ pé ó sọ ọ́ di òfin àti ìlànà ní Ísírẹ́lì. Nehemáyà ṣe tirẹ̀ láti inú ọkàn, Dáfídì ṣe tirẹ̀ ní òfin. Ọlọ́run lo méjèèjì.

Ṣùgbọ́n Dáfídì kan náà ni ó wà lórí òrùlé nínú 2 Sámúẹ́lì 11. Ìgbà tí àwọn ọba máa ń jáde lọ sójú ogun ni. Ó rán Jóábù àti àwọn ọmọ ogun lọ, òun jókòó sí Jerúsálẹ́mù. Gbogbo wa mọ ohun tí ó tẹ̀lé e. Nígbà tí wọ́n ránṣẹ́ pe Ùráyà wálé, tí ọba ní kí ó lọ sinmi nílé rẹ̀, Ùráyà sùn sí ẹnu ọ̀nà ààfin. Ó ní òun kò lè jẹ, kí òun mu, kí òun sùn ti aya òun, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ òun wà ní gbangba pápá. Ẹ kò rí nǹkan! Ọmọ ogun náà pa òfin Bésórì mọ́, ẹni tí ó ṣe òfin náà ti gbàgbé rẹ̀. Ìjìnnà sí ìyà àwọn ènìyàn ni ó kọ́kọ́ wá, ẹ̀ṣẹ̀ tí a mọ̀ mọ Dáfídì tẹ̀lé e lẹ́yìn.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí á fi ojú kan ṣoṣo wo ọ̀rọ̀ yìí o. Àtakò kan wà tí ó ní láárí. Àwọn kan ní bí a bá dá owó aṣòfin dúró, aṣòfin tí ó ní ilé mẹ́ta àti owó baba rẹ̀ ní báǹkì kò ní mọ̀ ọ́n lára. Èyí tí kò ní nǹkan kan lẹ́yìn owó oṣù rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ juwọ́ sílẹ̀. Òótọ́ ni. Bí ẹ bá wọ bọ́ọ̀sì nọ́ḿbà 36 láti Peckham, tí ẹ sì kọjá Camberwell dé Oval, ẹ ó rí Kennington Park. Ní April 10, 1848, níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ péjọ sí láti béèrè ẹ̀tọ́ wọn, wọ́n ń pè wọ́n ní Chartist. Ọ̀kan nínú ohun mẹ́fà tí wọ́n béèrè ni pé kí ìjọba máa san owó fún àwọn aṣòfin. Kí ló dé? Nítorí pé nígbà náà, ẹni tí kò bá lówó kò lè jókòó nílé aṣòfin. Ọdún 1911 ni àwọn aṣòfin tó bẹ̀rẹ̀ sí gba £400 lọ́dún. Owó aṣòfin kì í ṣe ẹ̀gbin, òun ló ṣí ilẹ̀kùn fún ọmọ tálákà.

Nítorí náà, n kò sọ pé kí á gba owó lọ́wọ́ aṣòfin, n kò sì sọ pé kí ó máa ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Yíyẹ ni owó òṣìṣẹ́, aṣòfin náà òṣìṣẹ́ ni. Ohun tí mo ń sọ kò ju ẹyọ kan lọ: kí wọ́n jọ dúró. Kí ẹni tí ó ní kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ máa retí ọjọ́ kan náà tí ẹni tí kò ní kọ́kọ́rọ́ ń retí. Bí owó bá wọlé, kí ó wọlé fún àwọn méjèèjì. Kì í ṣe ìjìyà. Ọ̀nà tí etí ẹni tí ó wà lókè fi ń gbọ́ igbe ìsàlẹ̀ ni. Ẹni tí ó wọ bàtà ló mọ ibi tí ó ti ń ta á lẹ́sẹ̀.

Nílẹ̀ tí à ń gbé yìí, irú ìtìlẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ kì í ṣẹlẹ̀, nítorí bí ilé aṣòfin bá kọ ètò ìsúná ìjọba, ìjọba náà ni yóò kúrò. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ yìí náà ti kọ́ ẹ̀kọ́ tirẹ̀ rí. Ní September 1931, nígbà tí owó ìjọba kò tó mọ́, ìjọba Ramsay MacDonald ní kí gbogbo ènìyàn fara da á. Owó àwọn aṣòfin dín láti £400 sí £360, ìdámẹ́wàá nìyẹn. Ṣùgbọ́n àwọn atukọ̀ ogun tí ń gba ṣílè 4 lóòjọ́ gbọ́ pé ṣílè 3 ni yóò kù, ìdámẹ́rin nìyẹn. Ẹni tí ó kéré jù ni wọ́n gé tirẹ̀ jù! Ní September 15, ní Invergordon ní Scotland, àwọn atukọ̀ kọ̀ láti gbé ọkọ̀ ogun jáde. Kò ju ọjọ́ méjì lọ, ṣùgbọ́n gbogbo ayé gbọ́. Ìjọba padà gbà pé gígé náà kò gbọdọ̀ ju ìdámẹ́wàá lọ, bí ti aṣòfin. Lẹ́yìn náà, wọ́n lé ọ̀pọ̀ nínú àwọn atukọ̀ náà kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Bí wọ́n bá ti gé e bákan náà láti ìbẹ̀rẹ̀, ta ni ìbá ti kọ iṣẹ́?

Nílé wa ńkọ́? Òfin ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti 1999, ní apá 82, gba Ààrẹ láàyè láti máa náwó fún oṣù mẹ́fà bí ètò ìsúná kò bá tíì di òfin, nítorí náà ìjọba kì í ti ilẹ̀kùn. Síbẹ̀, gbogbo wa mọ àwọn olùkọ́ àti nọ́ọ̀sì tí wọ́n lo ọ̀pọ̀ oṣù láìgbowó ní 2015 ní ìpínlẹ̀ púpọ̀, Ọ̀ṣun wà lára wọn, títí ìjọba àpapọ̀ fi yá àwọn ìpínlẹ̀ lówó. Nínú yín ni ó wà, tí ẹ fi owó iṣẹ́ ìmọ́tótó bọ́ ìyá àti bàbá tí ìjọba jẹ ní gbèsè. Ní March 2018, Sẹ́nétọ̀ Shehu Sani là á mọ́lẹ̀ fún àwọn oníròyìn pé sẹ́nétọ̀ kọ̀ọ̀kan ń gba mílíọ̀nù 13.5 náírà lóṣù fún ìnáwó, yàtọ̀ sí owó oṣù. Owó oṣù òṣìṣẹ́ tí ó kéré jù nígbà náà jẹ́ 18,000 náírà. Ẹ ṣírò rẹ̀: òṣìṣẹ́ náà yóò ṣiṣẹ́ fún ọdún 62 àti ààbọ̀ kí ó tó rí ohun tí sẹ́nétọ̀ ń gbà fún ìnáwó oṣù kan. Àgbà tí ó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.

Ó ti tó nípa àwọn aṣòfin. Ó rọrùn láti jókòó ní Peckham kí á máa bá Washington àti Àbújá wí. Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ń wá ẹni tí ń kà á.

Èkíní, ẹ̀yin tí Ọlọ́run sọ di ọ̀gá. Àwọn kan nínú yín ní ṣọ́ọ̀bù, àwọn kan ní ilé ìṣerunlóge, àwọn kan ń gba iṣẹ́ ìmọ́tótó tí wọ́n sì ń pín in fún àwọn ẹlòmíràn. Nígbà tí oníbàárà kò bá tíì sanwó, owó ta ni ó kọ́kọ́ ń dúró? Ṣé ti ọmọ tí ó wọ bọ́ọ̀sì ní agogo mẹ́rin òru ni, nígbà tí owó ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tiyín ń jáde ní báǹkì bí ó ti yẹ? Bí ẹni náà kò bá tíì ní ìwé ìgbélùú, tí kò lè fẹjọ́ sùn, ó ti dà bí ọmọ ogun tí kò lè kúrò ní ibùdó. Ẹ má ṣe fi ìyẹn rẹ́ ẹ jẹ. Kí ẹ san tirẹ̀ kí ẹ tó san ti ara yín.

Èkejì, àwa tí a wà nídìí iṣẹ́ Olúwa. Bí owó ìjọ bá gbẹ, ẹni tí ń gbálẹ̀ àti ẹni tí ń tan iná ilé ìjọsìn kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí a ó sọ fún pé kí ó ní sùúrù. Ti òjíṣẹ́ Ọlọ́run ni kí ó kọ́kọ́ dúró. Èmi tí mò ń kọ èyí wà nínú rẹ̀. Mo sì rọ ìgbìmọ̀ ìjọ kí wọ́n gbé e yẹ̀wò ní ìpàdé, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ bí ìlànà, gẹ́gẹ́ bí Dáfídì ti ṣe. Bí a bá kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tí owó wà, kò ní di ìjà nígbà tí owó kò bá sí.

Ẹ̀kẹta, inú ilé wa. Ẹ̀yin òbí, bí ọwọ́ bá há, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ rí i pé ẹran inú ọbẹ̀ bàbá náà ti kéré. Ọmọ tí ó bá rí i pé bàbá ń bá òun dúró kò ní kùn. Èyí tí ó bá rí i pé òun nìkan ni à ń sọ fún pé kò sówó, yóò rántí rẹ̀ títí.

Ẹ̀kẹrin, ẹ̀yin tí ẹ ní ará ní Amẹ́ríkà, bí ẹ bá tún gbọ́ pé ilẹ̀kùn ìjọba ti, ẹ pè wọ́n. Ẹ bi wọ́n léèrè bóyá owó wọlé. Ojú a máa ti ẹni tí ó wọ aṣọ ológun láti sọ pé kò sí oúnjẹ nílé. Bí ẹ bá lè fi nǹkan ránṣẹ́, ẹ fi ránṣẹ́. Kí àwọn tí ó lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò níbẹ̀ sì bi aṣòfin wọn ní ìbéèrè kan péré: nígbà tí owó ọmọ mi dúró, ṣé tìrẹ náà dúró?

Nehemáyà parí orí náà pẹ̀lú àdúrà kúkúrú. Kò bẹ Ọlọ́run pé kí ó fún òun ní ipò sí i. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kí ó rántí òun sí rere, nítorí ohun tí òun ṣe fún àwọn ènìyàn wọ̀nyí. Ìrántí yẹn ni owó oṣù tí ó gbà. Ìwé rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ wa lónìí. Àwọn baálẹ̀ tí ó ṣáájú rẹ̀, tí wọ́n jẹ oúnjẹ náà tán, kò dárúkọ wọn fún wa.

Ẹ jẹ́ kí á gbàdúrà. Baba wa tí ń bẹ lọ́run, a dúpẹ́ pé o gbọ́ igbe òṣìṣẹ́. Bá wa ṣọ́ àwọn ọmọ wa tí ń ṣọ́ odi ní ilẹ̀ àjèjì. Fún àwọn tí o fi ṣe olórí ní Amẹ́ríkà, ní ilẹ̀ yìí àti ní Nàìjíríà ní ọkàn Nehemáyà. Níbi tí ọkàn bá le, fún wọn ní òfin tí ó tọ́. Àwa náà tí o fún ní kọ́kọ́rọ́ kékeré, ní ṣọ́ọ̀bù, ní ìjọ àti nínú ilé, má ṣe jẹ́ kí á jẹun nígbà tí ẹni tí ń ṣiṣẹ́ fún wa ń gbààwẹ̀ tí kò pinnu. Rántí wa sí rere. Ní orúkọ Jésù Kristi Olúwa wa ni a gbàdúrà. Àmín.